“Ìyá Ló Pa Á Jẹ”: Ọ̀rọ̀ àti Ẹ̀rí Lórí Ikú Ìkókó Eku Ìwádìí

Ní àwọn ilé ìwádìí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń sin eku fún àyẹ̀wò, ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tí ó wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ya òṣìṣẹ́ lẹ́nu mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, òṣìṣẹ́ rí abo eku tí oyún rẹ̀ ti gbó, tí ó ti ń kó ìtẹ́ jọ sí igun àgò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ikùn ti fọn, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lára ìtẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kankan. Tàbí kẹ̀, ọmọ mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sì ṣẹ́kù lára ẹ̀kẹrin. Òṣìṣẹ́ yóò mú ìwé àkọsílẹ̀, yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá ti pa ọmọ rẹ̀ jẹ. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì tàbí lẹ́ẹ̀kẹta, wọn yóò mú ìyá náà kúrò láàárín àwọn tí ń bímọ, wọn yóò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n kọ yẹn, bóyá kì í ṣe òótọ́, ni ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ nípa ìṣesí ẹranko ti tọ pinpin rẹ̀ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Ìdáhùn wọn kan olùkọ́ àti ògbufọ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu Yorùbá fún ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, èyíinì ni “pa jẹ”, ti dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́rìí tó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó wà nínú rẹ̀: pa, àti jẹ. Nígbà tí Yorùbá bá to ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tẹ̀ léra báyìí lábẹ́ olùwà kan ṣoṣo, ẹni kan náà ni ó ṣe méjèèjì, èkínní sì ṣáájú èkejì. Ọdẹ tí ó pa ẹtu jẹ ni ó yìnbọn, òun náà ni ó sì jẹ ẹran. Bí ẹnìkan bá sọ pé ológbò pa eku jẹ, kò sí olùgbọ́ kan tí yóò rò pé eku náà ti kú kí ológbò tó dé ibẹ̀. Fún ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ètò yìí rọrùn, ó sì gún régé. Fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ó di ìṣòro, nítorí pé ohun tí òṣìṣẹ́ rí ní òwúrọ̀ kò ju pé wọ́n ti jẹ ọmọ lọ. Kò rí ẹni tí ó pa á. Kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni pa á.

Eku wo, ọmọ wo?

Kí ọ̀rọ̀ tó dé orí ikú, ó yẹ kí orúkọ ẹranko náà fúnra rẹ̀ yéni. Eku funfun ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń pe eku tí wọ́n ń lò nínú ìwádìí. Eku funfun wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìran BALB/c jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìran tí àwọn ilé ìwádìí ń lò jù lọ ní ayé, èyí tí ń jẹ́ C57BL/6, dúdú ni bí èédú. Clarence Cook Little ni ó pilẹ̀ ìran C57 aláwọ̀ dúdú yìí ní 1921, kí ó tó dá Jackson Laboratory sílẹ̀ ní Bar Harbor ní ìpínlẹ̀ Maine ní 1929. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n ń fi gun ara wọn láti ìran dé ìran títí gbogbo wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìbejì. Nítorí náà “eku funfun” kò tọ́, yóò sì ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. “Eku” lásán pẹ̀lú gbòòrò jù, nítorí pé òkété, ẹmọ́ àti àgó, eku ni gbogbo wọn lójú Yorùbá. “Eku ìwádìí” ni ó bọ́gbọ́n mu, nítorí pé iṣẹ́ ẹranko náà ni ó sọ, kò sọ àwọ̀ rẹ̀. Níbi tí ó bá sì jẹ́ pé irú ẹ̀yà rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì, kí wọ́n sọ pé ọmọ ìyá èkúté ilé kékeré ni, nítorí pé ara èkúté inú ilé ni wọ́n ti mú un jáde.

Ọ̀rọ̀ “ọmọ eku” náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ọmọ eku ni títí wọn yóò fi já a lẹ́nu ọmú, ó sì máa ń tó ọjọ́ 21. Ṣùgbọ́n ikú tí ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀ yìí kì í dúró di ìgbà náà. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó ń pa èyí tí ó pọ̀ jù. Ọmọ ọjọ́ wọ̀nyí kò ní irun kankan lára. Ojú rẹ̀ dì, etí rẹ̀ dì, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju gráàmù kan sí gráàmù kan àbọ̀ lọ. Nǹkan bí ọjọ́ kejìlá sí ìkẹrìnlá ni ojú rẹ̀ tó là. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó bá ipò yìí mu bí “ìkókó”. Àwọn kan lè sọ pé ọmọ ènìyàn nìkan ni ìkókó, pé kò yẹ kí wọ́n fi pe eku. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí ni ẹ̀dá tí kò lè ṣe ohunkóhun fún ara rẹ̀, tí ó jẹ́ pé bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá kúrò lára rẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, ó parí. Ìkókó eku rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Àwọn ìkókó tí wọ́n bá bí lẹ́ẹ̀kan náà, “ìbí kan” ni kí wọ́n máa pè wọ́n. Abo C57BL/6 sábà máa ń bí 6 sí 8 nínú ìbí kan, lẹ́yìn oyún ọjọ́ 19 sí 21. Kí atẹ̀wé ṣọ́ra fún àmì ohùn níhìn-ín, nítorí pé ìbí, ibí àti ibi kì í ṣe ọ̀kan náà, ibi-ọmọ sì tún ń bọ̀ wá bọ́ sínú ọ̀rọ̀ yìí láìpẹ́. Gbogbo eku tí wọ́n ń sin pọ̀ kí wọ́n lè máa bí sí i ni “agbo ìbísí”.

Ohun tí ẹ̀rọ ayàwòrán rí

Ní 2013, Elin Weber láti Swídìn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Anna Olsson tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Porto ní Pọtogí wà lára wọn, tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Acta Veterinaria Scandinavica. Ìbéèrè tí wọ́n fi ṣe àkọlé rẹ̀ ni pé, ṣé pípa ni wọ́n ń pa àwọn ọmọ eku, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Dípò kí wọ́n dúró di òwúrọ̀ kí wọ́n tó yẹ àgò wò, wọ́n fi ẹ̀rọ ayàwòrán sí i tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó ti fídíò náà, wọ́n sì ń tọ ipasẹ̀ ìkókó kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tí wọ́n ti bí i títí di ìgbà tí kò mira mọ́.

Ohun tí wọ́n rí kò bá ìwé àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ mu. Ìyá tí ó gbé ọmọ tí ń mira, tí ó sì fi eyín pa á, ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé ọmọ yóò kọ́kọ́ dákẹ́, kò ní mira mọ́, lẹ́yìn ìgbà náà ni ìyá yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ní 2021, Sophie Brajon àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tún tẹ ìwádìí mìíràn jáde tí ó fi ẹsẹ̀ èyí múlẹ̀: pípa ọmọ ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n jíjẹ òkú ọmọ ń bo ikú mọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò fi tó o.

Kí ni ó dé tí ìyá fi ń jẹ òkú ọmọ rẹ̀? Ẹni tí ó bá ti rí ewúrẹ́ tàbí ajá nígbà tí ó ń bímọ yóò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá ẹranko a máa jẹ ibi-ọmọ ní kété tí ó bá ti bọ́ sílẹ̀. Abo eku a máa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Òkú inú ìtẹ́ yóò rà, òórùn rẹ̀ yóò sì pe ọ̀tá. Bákan náà ni ẹran ara tí ó wà lára rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ fún abo tí ó ní ọmọ mìíràn láti fún lọ́mú. Ìmọ́tótó àti ètò oúnjẹ ni, kì í ṣe ìwà ọ̀daràn.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ó hàn gbangba pé orúkọ méjì ni ìṣẹ̀lẹ̀ náà ń fẹ́. Fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní infanticide, “ìpọmọ” yóò ṣe é, gẹ́gẹ́ bí pa ènìyàn ti di ìpànìyàn. Ìpọmọ kò sọ pé wọ́n jẹ ọmọ náà, kò sì sọ pé ìyá ni ó pa á. Ẹlòmíràn lè ṣe é, gẹ́gẹ́ bí yóò ti hàn níwájú. Fún èkejì, bí jẹ ìyà ti di jìyà, tí jẹ ogún ti di jogún, bẹ́ẹ̀ ni jẹ òkú yóò di jòkú, kí wọ́n sì sọ pé “ìjòkú-ọmọ”. Ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀ létí, ṣùgbọ́n ó ní àǹfààní kan tí “pa jẹ” kò ní: ó sọ pé òkú ti wà kí jíjẹ tó dé. Ìkókó tí wọ́n bá wá tì ní òwúrọ̀ wá ńkọ́, tí kò sí ẹni tí ó rí bí ó ti kú tàbí ẹni tí ó jẹ ẹ́? Yorùbá ti ní orúkọ fún un láti ìgbà láéláé. “Àwátì” ni. “Ìkókó àwátì mẹ́ta” kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kò sì sọ ju ohun tí ojú rí lọ. Bí òṣìṣẹ́ bá kọ èyí sínú ìwé rẹ̀, ó ti kọ òtítọ́.

Àbíkú ńkọ́?

Ògbufọ̀ tí ó bá sá fún “pa jẹ” lè sá wọ inú “àbíkú”. Ẹ̀tàn rẹ̀ pọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kúrú, gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, bíbí àti kíkú ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbíkú kì í ṣe orúkọ ikú lásán. Àlàyé ni. Ohun tí ó ń sọ ni pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dá àjọ, pé ó mọ ọjọ́ tí yóò padà, pé yóò sì tún wá. Nínú “pa jẹ”, ìyá ni ẹlẹ́bi. Nínú “àbíkú”, ọmọ ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti mú ẹlẹ́bi kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí èyí lè fà kì í ṣe kékeré, ìtàn ọmọ ènìyàn sì fi í hàn. Nígbà tí ìmọ̀ ìṣègùn fi yéni pé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ni ó ń pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní àbíkú, orúkọ náà ti mú kí wọ́n fi ara ọmọ gba ọ̀bẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí olùkọ́ fi àbíkú sílẹ̀ fún ewì àti ìtàn, níbi tí ó ti níyì. Nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, “ikú ìkókó” tó.

Òtútù, ebi àti ẹ̀gbọ́n

Bí kì í bá ṣe ìyá, tí kì í sì í ṣe ọmọ, kí ni ó ń pa wọ́n? Ìdáhùn kan ṣoṣo kò sí, ibẹ̀ gan-an sì ni ìwádìí ti dùn.

Ohun kìíní ni òtútù. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2011 fún ìtọ́jú ẹran ìwádìí fi ìwọ̀n ooru yàrá eku sí 20 sí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìwọ̀n yìí tu ènìyàn tí ó wọ aṣọ lára. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 30 ni ibi tí ara eku ti ń balẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń fi oúnjẹ dá iná sí ara rẹ̀. Àgbà eku lè jẹun sí i, ó sì ní irun. Ìkókó tí kò ní irun kò ní nǹkan kan àfi ara ìyá rẹ̀, ara àwọn tí wọ́n jọ bí, àti ìtẹ́. Nítorí náà ni ìtẹ́ kì í fi í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ní 2013, Brianna Gaskill, Joseph Garner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fún eku ní gráàmù 8 ohun èlò ìtẹ́ tí ó ṣe é hun dáadáa, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí wọn kò fún. Àwọn tí ó rí ìtẹ́ gidi kọ́ tọ́ ọmọ dàgbà jù. Weber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú rí i nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 pé àwọn abo tí ọmọ wọn yè ti ṣiṣẹ́ lórí ìtẹ́ jù ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìbí ju àwọn tí wọ́n pàdánù ọmọ lọ.

Ohun kejì ni ebi. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wo ìkókó eku lè mọ̀ bóyá ó ti mu ọmú, nítorí pé awọ rẹ̀ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí wàrà inú ikùn fi ń hàn láti òde, ní apá òsì, bí àbàwọ́n funfun. “Àmì-ọmú” ni orúkọ tí ó rọrùn jù fún un. Ìkókó tí ó bá kú láìní àmì-ọmú kò rí ọmú mu rárá. Ṣùgbọ́n àmì náà kò sọ ìdí rẹ̀, àpẹẹrẹ méjì tí ó jáde ní ọdún kan náà, 1996, sì fi èyí hàn dáadáa. Katsuhiko Nishimori àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú jíìnì tí ń pèsè oxytocin kúrò lára eku. Abo eku wọ̀nyí lóyún, wọ́n bímọ wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n kó ọmọ jọ, wọ́n bò wọ́n mọ́ra, ṣùgbọ́n wàrà kò sun jáde ní ọmú. Gbogbo ìkókó ń kú láàárín ọjọ́ kan pẹ̀lú ikùn òfìfo. Nígbà tí wọ́n fún ìyá ní abẹ́rẹ́ oxytocin, wàrà sun, ọmọ sì mu. Ní ọdún yẹn kan náà, Jennifer Brown, Michael Greenberg àti àwọn mìíràn ròyìn eku tí wọ́n yọ jíìnì fosB kúrò lára rẹ̀. Ní tiwọn, ìyá kò bìkítà fún ọmọ: ó fi wọ́n sílẹ̀ káàkiri àgò, púpọ̀ nínú wọn sì kú. Bí wọ́n bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún alágbàtọ́, ó ń yè. Ìyá àkọ́kọ́ ṣe gbogbo ohun tí ìyá ń ṣe, èkejì kò ṣe é. Lójú ẹni tí ó bá ṣí àgò ní òwúrọ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti jẹ àwọn òkú náà, ìwé àkọsílẹ̀ yóò pe àwọn méjèèjì ní apọmọjẹ.

Ohun kẹta ni ẹ̀gbọ́n. Abo eku lè gba akọ láàárín wákàtí 24 tí ó bímọ tán, kí ó sì tún lóyún nígbà tí ó ṣì ń fún àwọn ti àkọ́kọ́ lọ́mú. Ibi tí wọ́n bá ti fi akọ kan àti abo méjì sí inú àgò kan, bí wọ́n ti sábà ń ṣe, abo kan lè bímọ nígbà tí ọmọ èkejì ti ń sáré kiri. Gabriela Morello àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbí wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2020. Wọ́n rí i pé níbi tí ọmọ tí ó ti dàgbà díẹ̀ bá wà nínú àgò, ìkókó ń kú ju ibi tí kò sí lọ. Ọjọ́ orí ìyá tí ó ti pọ̀ pẹ̀lú, àti ìbí tí ó kéré jù tàbí tí ó pọ̀ jù, ń fi kún ewu. Kì í ṣe pé àwọn ẹ̀gbọ́n ń bínú ọmọ titun. Ara wọn tóbi ní ìlọ́po ìlọ́po, wọ́n ń bá ìkókó du ọmú, wọ́n sì lè tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ nínú ìtẹ́ kan náà. Èdè Yorùbá ti mọ ọ̀rọ̀ fífún ọmọ láyè dáadáa. Kí wọ́n pe ipò yìí ní “ìgbórí-ìbí”, èyíinì ni pé ìbí kan gun orí òmíràn.

Àrùn náà wà níbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kan tí ń ba ẹ̀dọ̀ àti ìfun eku jẹ́ lè pa ìbí rẹpẹtẹ nínú agbo tí kò ti mọ̀ ọ́n rí, nígbà tí ara àwọn àgbà eku kò fi hàn pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Ariwo pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ní 1956 ni Zippelius àti Schleidt ti fi hàn ní Jámánì pé ìkókó tí ó bá jábọ́ kúrò nínú ìtẹ́ ń ké, ṣùgbọ́n pé igbe náà ga kọjá ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́, èyí tí kò ju ìgbọ̀n 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà yàrá tí ó dákẹ́ létí òṣìṣẹ́ lè má dákẹ́ létí ìyá eku rárá.

Akọ tí ń ka ọjọ́

Ìpọmọ gidi kò ṣàì sí. Akọ eku tí kò tí ì gun abo rí lè pa ìkókó tí ó bá bá pàdé, láìsí pé òkú kankan ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ tí ó ti gun abo yóò dáwọ́ dúró ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyẹn ní àkókò tí ọmọ tirẹ̀ yóò wá sí ayé. Báwo ni ó ṣe mọ̀? Glenn Perrigo, Frederick vom Saal àti ẹnìkẹta wọn dáhùn ìbéèrè yìí ní 1990 pẹ̀lú ọgbọ́n kan tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ sáyẹ́ǹsì mọ̀. Wọ́n fi iná ṣe ọjọ́ àtọwọ́dá: fún àwọn akọ kan, wákàtí 22 ni ọ̀sán àti òru jẹ́ papọ̀, fún àwọn mìíràn, wákàtí 27 ni. Bí ó bá jẹ́ wákàtí ni akọ ń kà, àwọn méjèèjì ì bá dáwọ́ ìpọmọ dúró ní àkókò kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye ìgbà tí ilẹ̀ ṣú tí ó sì mọ́ ni ara wọn ń kà. Akọ tí ọjọ́ rẹ̀ kúrú tètè dáwọ́ dúró, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ gùn sì pẹ́.

Èyí jẹ́ ìdí mìíràn tí “ìpọmọ” fi gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀. Ìṣesí tí ó ní àkókò tirẹ̀ ni, ó ní ètò, wọ́n sì lè wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá dà á pọ̀ mọ́ ìjòkú-ọmọ, àwọn méjèèjì ni yóò sọnù.

Kíkà

Nǹkan tí ó wà lábẹ́ gbogbo èyí ju ọ̀rọ̀ lọ. Ní 1959 ni William Russell àti Rex Burch, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kí iye ẹranko tí wọ́n ń lò nínú ìwádìí dín kù. Ìkókó kọ̀ọ̀kan tí ó bá kú lásán ń mú kí wọ́n ní láti sin eku mìíràn sí i. Ó sì tún kan ìmọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí onímọ̀ bá ń wá ohun tí jíìnì kan ń ṣe, yóò fi akọ àti abo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan tí ó bàjẹ́ gun ara wọn. Gẹ́gẹ́ bí òfin Mendel, ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin ni yóò gba ẹyọ méjèèjì tí ó bàjẹ́. Bí ó bá dé ọjọ́ 21 tí kò sì rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rárá, ó lè pinnu pé jíìnì náà ni ó pa wọ́n nínú oyún. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé wọ́n wá sí ayé, pé ara wọn kò le tó àwọn yòókù, pé òtútù tàbí ẹ̀gbọ́n tètè pa wọ́n, tí ìyá sì ti gbá ìtẹ́ mọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àṣà kan sì tún wà tí ó ń mú kí ọ̀rọ̀ náà burú sí i. Nítorí ìgbàgbọ́ pé bí òórùn ènìyàn bá kan ọmọ, ìyá yóò pa á jẹ, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kì í fẹ́ fọwọ́ kan ìtẹ́ titun fún ọjọ́ mélòó kan. Ìbẹ̀rù ìpọmọ ni kò jẹ́ kí wọ́n wò. Àìwò ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìpọmọ ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá fi máa kà, ọ̀pọ̀ ti di àwátì. Ìwádìí Brajon fi hàn pé kíkà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ń fo ọmọ tí fídíò rí, àti ìbí àti ikú wọn.

Níhìn-ín, èdè Yorùbá lè ran olùkọ́ lọ́wọ́ dípò kí ó dí i lọ́wọ́. Nínú ọ̀pọ̀ tábìlì ìwé àgò, orí ìlà kan ni ó sọ iye tí ìyá bí, òmíràn sì sọ iye tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni wọ́n ń pè ní iye ikú. Ṣùgbọ́n iye tí ìyá bí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ògbufọ̀ tí ó bá ń tú irú tábìlì bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ “iye tí ó bí”. “Iye tí wọ́n kà” ni kí ó kọ, kí ó sì fi wákàtí tí wọ́n kà á sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: wọ́n ka 5 ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní. Bí ẹ̀rọ ayàwòrán bá sì sọ lẹ́yìn náà pé 8 ni, àwátì 3 ni yóò wọ inú ìlà tí ó tẹ̀ lé e, títí wọn yóò fi rí ohun tí ó pa wọ́n.